Àwọn ọ̀rọ̀ baiọ́lọ́jì tó máa ń dà pọ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lójú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí. Mo fẹ́ràn baiọ́lọ́jì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi. Mo ti há ìtumọ̀ diffusion àti osmosis sórí, mo há mitosis àti meiosis, mo há gene, allele àti chromosome. Bí mo bá dé inú ìdánwò, ńṣe ni wọ́n máa ń wọnú ara wọn. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni mo kọ ọ́ pé ara excretion ni ìgbẹ́ yíyà, olùkọ́ wa sì fa igi lé e. N kò mọ ìdí rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Báwo ni mo ṣe lè mọ àwọn ọ̀rọ̀ náà débi tí wọn kò fi ní dà pọ̀ mọ́ mi lójú mọ́?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ìbéèrè rẹ ni bó o ṣe to àwọn ọ̀rọ̀ náà ti ara wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ ká máa kọ́ wọn. Nínú àwọn ìwé ìdánwò tí mo ti yẹ̀ wò, ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan rí kọ́ ló máa ń pàdánù máàkì jù. Ìgbà tó bá mọ ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ tí kò mọ ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Nítorí náà, n kò ní to ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ kalẹ̀ fún ọ. Màá mú àwọn tó máa ń kọlu ara wọn, màá sì máa bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn léèrè: kí ló ń ṣẹlẹ̀, ibo ló ti ń ṣẹlẹ̀, kí ló wọlé, kí ló jáde? Bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ náà ni màá ṣe máa pè wọ́n, kí wọ́n má bàa ṣàjèjì sí ọ nínú ìdánwò.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi sẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, torí inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ yòókù ń gbé. Lọ́dún 1665, Robert Hooke gé èèpo igi kan tí wọ́n ń pè ní cork ní pẹlẹbẹ, ó gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, ó sì rí àwọn yàrá kéékèèké tó ṣófo. Òun ló sọ wọ́n ní cell. Kí ló dé tí wọ́n ṣófo? Sẹ́ẹ̀lì inú èèpo náà ti kú. Awọ rẹ̀ ti lọ, nucleus rẹ̀, ìyẹn apá tó ń darí sẹ́ẹ̀lì, ti lọ, ògiri nìkan ló ṣẹ́ kù. Ìyẹn ti fi hàn ọ́ pé ọ̀tọ̀ ni awọ sẹ́ẹ̀lì, ọ̀tọ̀ ni ògiri rẹ̀. Awọ, ìyẹn cell membrane, wà lára gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè, òun ló sì ń yan ohun tó lè wọlé àti ohun tó lè jáde. Ògiri, ìyẹn cell wall, wà lẹ́yìn awọ yẹn lára ewéko, olú àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ bakitéríà. Kò sí lára sẹ́ẹ̀lì ẹranko rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó le, kó má jẹ̀ẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì bẹ́. Omi àti iyọ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní 1838 àti 1839, Matthias Schleiden àti Theodor Schwann sọ ọ́ di mímọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ di ara ewéko àti ti ẹranko. Ní 1855, Rudolf Virchow tẹnu mọ́ ọn pé inú sẹ́ẹ̀lì mìíràn ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ti ń jáde wá. Fi ọ̀rọ̀ Virchow yìí sọ́kàn títí a ó fi dé orí mitosis.

Ó wá kan diffusion àti osmosis. Bí wọ́n bá fín lọ́fínńdà sí igun yàrá kan, bó pẹ́ bó yá, ẹni tó wà ní igun kejì á gbóòórùn rẹ̀, kódà bí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́. Àwọn ẹyọ lọ́fínńdà náà kúrò níbi tí wọ́n pọ̀ sí, wọ́n ń lọ síbi tí wọn kò pọ̀ sí. Diffusion nìyẹn. Kò nílò awọ kankan, sẹ́ẹ̀lì kì í sì í ná agbára rẹ̀ lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ́síjìn ṣe ń kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Osmosis jẹ́ ti omi nìkan, kò sì lè wáyé láìsí awọ tó ń jẹ́ kí omi kọjá, àmọ́ tí kì í jẹ́ kí ohun tó yọ́ sínú omi náà kọjá. Omi á kúrò ní apá tí ohun tó yọ́ kò ti pọ̀, á lọ sí apá tó ti pọ̀. Níbí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣubú. Wọ́n á kọ ọ́ pé osmosis ń lọ “láti concentration kékeré sí concentration ńlá”, wọ́n á sì dákẹ́. Concentration ti kí ni? Bó bá jẹ́ ti iyọ̀, òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ ti omi, irọ́ ni, torí ibi tí omi pọ̀ sí ni omi ti ń kúrò. Má ṣe kọ concentration láé láìsọ ohun tí ò ń wọ̀n. Mo rò pé ìmọ̀ràn kan ṣoṣo yìí á gba máàkì fún ọ ju ojú ìwé márùn-ún tó o bá há sórí lọ.

Gbé sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ sínú omi tí kò ní iyọ̀ kankan. Omi á máa rọ́ wọnú rẹ̀, á wú, á sì bẹ́. Gbé sẹ́ẹ̀lì ewéko sínú omi kan náà: omi á wọlé, vacuole, ìyẹn àpò omi inú sẹ́ẹ̀lì, á kún, àmọ́ ògiri á dá a dúró. Sẹ́ẹ̀lì náà á le dáadáa, èyí tí ìwé rẹ ń pè ní turgid. Bó bá jẹ́ inú omi tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ lo gbé sẹ́ẹ̀lì ewéko yìí sí, omi á jáde, awọ á sún kúrò lára ògiri, ìyẹn sì ni plasmolysis. Ṣé o rí i pé ọ̀rọ̀ márùn-ún ló pàdé nínú ìdánwò kékeré kan yìí: awọ, ògiri, osmosis, turgid, plasmolysis? Bí ọ̀kan bá ṣú ọ lójú, mẹ́rin yòókù á mú ọ dé ibẹ̀.

Èkẹta wọn ni active transport. Sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò máa ń fa nitrate wọlé láti inú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ nitrate tó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ ju ti inú ilẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Òdìkejì diffusion nìyẹn, kò sì lè ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ná agbára. Bí májèlé bá dá respiration dúró nínú gbòǹgbò, active transport á dáwọ́ dúró. Awọ gbòǹgbò náà ṣì lè gba omi wọlé nípasẹ̀ osmosis níwọ̀n ìgbà tí ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ bá ṣì pọ̀ ju ti ìta lọ.

Mo ti dárúkọ respiration. Ìwọ kò béèrè nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí òun ni mo rò pé wọ́n ṣì lóye jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ baiọ́lọ́jì. Mímí kì í ṣe respiration. Mímí, ìyẹn breathing, ni kí afẹ́fẹ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró kó sì tún jáde. Iṣan àti egungun àyà ló ń ṣe é. Afẹ́fẹ́ tí a ń fà wọlé ní ọ́síjìn tó tó nǹkan bí 21 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí a ń mí jáde sì ní nǹkan bí 16. Carbon dioxide gbéra láti nǹkan bí 0.04 dé nǹkan bí 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbo ni ọ́síjìn yẹn lọ? Inú sẹ́ẹ̀lì ni. Ibẹ̀ ni respiration wà: sẹ́ẹ̀lì ń tú glucose palẹ̀, agbára tó wà nínú rẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú ATP. Inú cytoplasm, ìyẹn omi kíki inú sẹ́ẹ̀lì, ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, inú mitochondria, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kéékèèké kan nínú sẹ́ẹ̀lì, ni apá tó nílò ọ́síjìn ti ń parí. Olú kò ní ẹ̀dọ̀fóró, igi kò ní, àmọ́ àwọn méjèèjì ń ṣe respiration.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, máa ṣọ́ra fún gbólóhùn tó ní ewéko ń ṣe photosynthesis lọ́sàn-án, ó ń ṣe respiration lóru. Tọ̀sán-tòru ni ewéko ń ṣe respiration, kì í sinmi, torí kò sí sẹ́ẹ̀lì tó lè wà láàyè láìsí agbára. Photosynthesis ló nílò ìmọ́lẹ̀. Ó ń gba carbon dioxide àti omi wọlé, inú chloroplast, ìyẹn ẹ̀yà aláwọ̀ ewé inú sẹ́ẹ̀lì ewéko, ló ti ń ṣẹlẹ̀, glucose àti ọ́síjìn ló sì ń ti ibẹ̀ jáde. Láti ara omi ni ọ́síjìn náà ti wá. Kì í ṣe láti ara carbon dioxide. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò ní mitochondria, àmọ́ tí kò ní chloroplast, o ti ní ìdáhùn lọ́wọ́: ìmọ́lẹ̀ kì í dé abẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò nílò agbára.

Bí ọ́síjìn kò bá tó, respiration ṣì lè wáyé, èrè rẹ̀ ló máa kéré: ATP 2 péré láti ara ẹyọ glucose kan, nígbà tí èyí tó ní ọ́síjìn ń mú nǹkan bí 30 wá. Nínú iṣan ẹni tó ń sáré tete, lactic acid ló ń ti ibẹ̀ jáde. Nínú yeast, ọtí ethanol àti carbon dioxide ni.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ tí olùkọ́ rẹ fa igi lé wá kù. Olùkọ́ rẹ tọ̀nà. Excretion ni kí ara lé ìdọ̀tí tí iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì fà jáde. Carbon dioxide tí respiration fà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Urea náà jẹ́ bẹ́ẹ̀: ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é láti ara protein tó ṣẹ́ kù, kíndìnrín á sẹ́ ẹ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, á sì bá ìtọ̀ jáde. Ní ti oúnjẹ tí kò dà, láti ẹnu ló ti gba ọ̀fun, ó gba inú ìfun, ó sì jáde, láìwọ inú sẹ́ẹ̀lì kankan. Ohun tí ara kò gbà wọlé rí, ara kò lè sọ pé òun ṣe é. Egestion ni jíjáde tirẹ̀. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó o mọ̀ sí i, bí ìwé rẹ kò tilẹ̀ sọ ọ́: àwọ̀ ilẹ̀ tó wà lára ìgbẹ́ wá láti ara haemoglobin inú sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti gbó. Ara ló tú u palẹ̀, ó sì gba inú òróòro bọ́ sínú ìfun. Ìwọ̀nba àwọ̀ yẹn jẹ́ excretion ní tòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbẹ́ ló gbé e jáde. Secretion ní tirẹ̀ ni ohun tó wúlò tí sẹ́ẹ̀lì ṣe tó sì tú síta, bí itọ́ ẹnu àti insulin.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí gene, allele àti chromosome. Fojú inú wo okùn òwú kan tó gùn gbọọrọ, tí wọ́n wé mọ́ igi kí ó má bàa lọ́. Okùn náà ni DNA. Bí wọ́n bá wé e tán pẹ̀lú àwọn protein tó dì í mú, òun ni chromosome. Apá kan lára okùn náà, tó ní ìlànà iṣẹ́ kan pàtó nínú, ni gene. Nítorí náà, gene wà lára DNA, DNA wà nínú chromosome, chromosome sì wà nínú nucleus. Ní 1953 ni James Watson àti Francis Crick ṣàlàyé bí DNA ṣe rí, tí okùn méjì lọ́ mọ́ra, tí àwọn èròjà mẹ́rin tí wọ́n ń fi lẹ́tà pè wà lára wọn, tí A ń dojú kọ T, tí G ń dojú kọ C. Àwòrán X-ray tó ti ọ̀dọ̀ Rosalind Franklin jáde wà lára ohun tó mú wọn débẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ orúkọ rẹ̀. Chromosome 46 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn. 48 ni àwọn ìwé ń sọ tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí Joe Hin Tjio àti Albert Levan kà á dáadáa tí wọ́n sì gbé e jáde ní 1956. Gene tó ń darí bí a ṣe ń ṣe protein lára wa tó nǹkan bí 20,000.

Allele wá ńkọ́? Oríṣi tí gene kan lè gbà wà ni. Gene kan wà tó ń darí bí a ṣe ń ṣe haemoglobin. Allele A wà fún un, allele S náà sì wà. O gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, o gba ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá. Nítorí náà, o lè jẹ́ AA, AS tàbí SS, èyí tó o bá sì jẹ́ ni genotype rẹ. Ohun tó hàn lára rẹ látàrí rẹ̀, bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ dá ṣáká tàbí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá ọ fínra, ni phenotype. AA àti SS jẹ́ homozygous torí allele méjèèjì bára mu. AS jẹ́ heterozygous.

Bí ìyá bá jẹ́ AS, tí bàbá náà jẹ́ AS, wọ́n á ní kó o sọ ìpín ọmọ tó lè jẹ́ SS. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Àmọ́ jọ̀wọ́, kí èyí yé ọ dáadáa, torí ó ju ọ̀rọ̀ ìdánwò lọ. Kò túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá bí ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan péré ló máa jẹ́ SS. Gbogbo oyún, ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn ló ń bá wọn, ohun yòówù kí èyí tó ṣáájú jẹ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jẹ́ SS, ó sì lè má sí ìkankan. Ìgbà tí iye bá pọ̀ gan-an ni ìpín náà máa ń hàn kedere. Gregor Mendel ka irúgbìn ẹ̀wà pea nínú ìwádìí tó gbé jáde ní 1866: 5,474 rí roboto, 1,850 hun jọ. Pín wọn wò; ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan, ìyẹn ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló hun jọ.

Dominant kò túmọ̀ sí ohun tó wọ́pọ̀, kò sì túmọ̀ sí ohun tó dára. Ó kàn túmọ̀ sí allele tó máa ń hàn bó tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ni ènìyàn ní. Oríṣi ìka mẹ́fà kan wà tó jẹ́ dominant, síbẹ̀ ẹni tó ní i kò pọ̀ láwùjọ. Recessive ni allele tí kì í hàn àfi bó bá di méjì.

Ó wá ku mitosis àti meiosis. Rántí Virchow: inú sẹ́ẹ̀lì ni sẹ́ẹ̀lì ti ń jáde. Bí ọgbẹ́ rẹ bá ń jinná, sẹ́ẹ̀lì awọ ń pín sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní chromosome 46 bí ti àkọ́kọ́. Mitosis nìyẹn: sẹ́ẹ̀lì méjì tó bára mu, fún ìdàgbàsókè àti àtúnṣe. Ká ní ọ̀nà yìí náà ni a fi ń ṣe àtọ̀ àti ẹyin, 46 á pàdé 46, ọmọ á ní 92, ọmọ-ọmọ á ní 184. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí meiosis fi wà. Ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀yà ìbímọ nìkan, ó ń pín lẹ́ẹ̀mejì, sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ló ń jáde, chromosome 23 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kì í sì í bára mu. Lọ́dọ̀ obìnrin, ọ̀kan nínú mẹ́rin náà ló máa ń di ẹyin; àwọn yòókù kéré, wọ́n á sì kú.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ gan-an, tí o kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀, ni ohun tó ń ya kúrò lára ara wọn. Nínú ìpín àkọ́kọ́ meiosis, chromosome ti ìyá àti èkejì rẹ̀ ti bàbá ló kọ́kọ́ so pọ̀, wọ́n pààrọ̀ apá kan lára wọn, kí wọ́n tó pínyà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ìyá méjì kì í fi í jọra délẹ̀, àyàfi ìbejì tó ti inú ẹyin kan jáde. Nínú mitosis, chromosome ti ìyá kì í bá ti bàbá so pọ̀ rárá; chromatid méjì, ìyẹn ẹ̀dà méjì tó so pọ̀ lára chromosome kan náà, ló ń pínyà. Bí wọ́n bá ya àwòrán fún ọ, tí o rí chromosome méjì-méjì tí wọ́n dojú kọ ara wọn láàárín sẹ́ẹ̀lì, meiosis ni. Bí gbogbo wọn bá tò lẹ́yọ-lẹ́yọ sórí ìlà kan, tí chromosome kọ̀ọ̀kan sì ṣì ní èkejì rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì náà, mitosis ni.

Àwọn yòókù kò ní gba àkókò. Artery ni iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn, vein ló ń gbé e padà. Má ṣe fi ọ́síjìn dá wọn mọ̀, torí pulmonary artery ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kò pọ̀ nínú rẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Pollination ni kí pollen dé orí stigma, ìyẹn orí ẹ̀yà abo òdòdó. Fertilization ni kí sẹ́ẹ̀lì akọ bá ẹyin inú ovule ṣọ̀kan, àkọ́kọ́ sì lè ṣẹlẹ̀ kí èkejì má ṣẹlẹ̀. Antigen ni ohun àjèjì tí ara dá mọ̀, antibody ni protein tí ara ṣe láti fi kojú rẹ̀. Population jẹ́ ẹ̀yà ohun abẹ̀mí kan ṣoṣo ní ibì kan, community jẹ́ gbogbo ẹ̀yà ohun abẹ̀mí tó wà níbẹ̀, ecosystem sì ni gbogbo wọn pẹ̀lú omi, ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́. Ooru kì í “pa” enzyme, ìyẹn protein tó ń mú kí iṣẹ́ inú ara yá, torí enzyme kì í ṣe ohun abẹ̀mí. Ooru máa ń ba bí ó ṣe rí jẹ́ ni, kò sì ní lè di ohun tó yẹ kó ṣiṣẹ́ lé lórí mú mọ́. Denatured ni kó o kọ.

Bó o bá fẹ́ dán ara rẹ wò, mú ọ̀rọ̀ méjì tó máa ń dà pọ̀ mọ́ ọ lójú, kó o fi àwọn méjèèjì sínú gbólóhùn kan tó máa di irọ́ bí ẹnikẹ́ni bá pààrọ̀ wọn. Àpẹẹrẹ: “Osmosis ni omi fi ń wọ gbòǹgbò, ṣùgbọ́n active transport ni nitrate fi ń wọlé nígbà tó ti pọ̀ nínú gbòǹgbò ju inú ilẹ̀ lọ.” Bí o kò bá rí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kọ, ó túmọ̀ sí pé ààlà wọn kò tíì yé ọ, padà sí ìbéèrè ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Gene àti allele ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní, lẹ́yìn náà egestion àti excretion, kó o sì gbé gbólóhùn méjèèjì lọ fún olùkọ́ rẹ kó bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò.